A bá àsíá Biafra nínú àpótí Bàbá wa: ṣé ká gbé e kọ́ sí pálọ̀ ni àbí ká sun ún?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Bàbá wa, tí wọ́n ṣe sójà lásìkò ogun Biafra, jáde láyé lọ́dún tó kọjá. A fẹ́ fi yàrá kan nínú ilé ńlá ṣe yàrá ìrántí nígbà tí ọdún wọn bá pé, ká kó fọ́tò, mẹ́dáàlì àti bàtà sójà wọn síbẹ̀. Nígbà tí a ṣí àpótí páànù wọn, a bá àsíá Biafra níbẹ̀, pẹ̀lú àsíá Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan àti báàjì ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹ́mọ̀. Wọ́n fi bírò kọ "Okigwe" sí igun àsíá Biafra náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní ká fi férémù sí i, ká gbé e kọ́ sí pálọ̀, pé ojú ogun ni Bàbá ti gbà á. Àbúrò Bàbá ní ká sun ún kíá, pé ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa ti ya fọ́tò rẹ̀, ó fẹ́ gbé e sórí Facebook. Bẹ́ẹ̀ ìyá Ìgbò kan wà tó jẹ́ ayálégbé wa, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, Bàbá ló sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Kí ni ká ṣe? Ṣé ọlọ́pàá kò ní í wá kó wa? Báwo la sì ṣe máa tọ́jú aṣọ náà, nítorí ó ti ń já?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára o.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn ná: ẹ má sun ún, ẹ má sì gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sínú àpótí onígíláàsì ní yàrá ìrántí yẹn, kí ìwé tó sọ ohun tó jẹ́ àti ibi tí ẹ ti rí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì rójú kọ ìwé yẹn, ẹ dá a padà sínú àpótí Bàbá kó ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ńkọ́? Èmi kì í ṣe lọ́yà o, aṣọ àtijọ́ àti ìwé àtijọ́ ni iṣẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bi wá nírú ìbéèrè yìí dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja fòfin de IPOB, ẹgbẹ́ tó ń jà kí Biafra dá dúró, ó ní ẹgbẹ́ afẹ̀míṣòfò ni. Àsíá tí àwọn yẹn ń gbé kiri lónìí, òun náà ni èyí tí Ojukwu àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé jáde ní 1967: pupa, dúdú, àwọ̀ ewé, àti ìdajì oòrùn tó ń yọ. Ẹni tó bá rí tiyín lókèèrè kò lè mọ̀ pé láti ayé ogun ni.

Ẹ̀yin náà kò ní í gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 2024. Àwọn kan wọ aṣọ bíi ti sójà, wọ́n ya wọ ọgbà sẹkitéríàtì ìjọba l'Ágodi, wọ́n sì gbé àsíá Yorùbá Nation sókè. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ síjọba kàn wọ́n. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, lásìkò ìwọ́de lórí ebi, àwọn ọ̀dọ́ ń ju àsíá Russia ní Kano àti Kaduna; àti télọ̀ tó rán an ni wọ́n gbé.

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, wọ́n gbé àsíá sókè ní gbangba, bí ìgbà tí èèyàn ń kéde pé ìjọba mìíràn ni òun mọ̀. Ohun tó ń bí ìjọba nínú nìyẹn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa, ní ìsọ̀rí 39, fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, ìsọ̀rí 45 sì gba ìjọba láàyè láti fi gbèdéke sí ẹ̀tọ́ yẹn nítorí ààbò ìlú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kó ohun Biafra sínú ilé, kó ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn tó wá wò ó, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Tiwọn ni mùsíọ̀mù ogun tó wà ní Umuahia, láti 1985 ló sì ti wà. Ibi tí rédíò Biafra sá pamọ́ sí lábẹ́ ilẹ̀ nígbà ogun ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn ohun ìjà tí ará Biafra fọwọ́ ara wọn rọ ń bẹ níbẹ̀, títí kan bọ́ǹbù tí wọ́n ń pè ní ogbunigwe. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń lọ wò ó.

Nítorí náà, ẹ bá mi dá àbíkẹ́yìn yín dúró. Ó lè kọ àlàyé tó dára sókè fọ́tò yẹn lórí Facebook, àmọ́ ẹni tó bá gbà á sórí fóònù tirẹ̀ kò ní í kó àlàyé mọ́ ọn. Tó bá fi máa dé ibi kẹta, ohun tó máa kù ni àsíá Biafra àti orúkọ ìdílé yín.

Àwọn ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti dà rú jù tiwa lọ, ibi kan náà ni wọ́n fàbọ̀ sí. Ní South Africa, lórí àsíá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n lò láti 1928 títí di 1994, Adájọ́ Mojapelo sọ ní 2019 pé ẹni tó bá kàn ń nà án síta láìnídìí gidi, ọ̀rọ̀ ìkórìíra ló ń sọ. Ó yọ ti iṣẹ́ ìmọ̀, iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ìròyìn sọ́tọ̀. Bí òfin Jámánì ṣe ṣe àmì ẹgbẹ́ Hitler náà nìyẹn. Ní South Carolina l'Amẹ́ríkà, iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni àsíá àwọn ìpínlẹ̀ tó jagun kí oko ẹrú má bàa parẹ́ wà títí di oṣù Keje 2015. Ìpànìyàn inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Charleston, tí èèyàn mẹ́sàn-án bá lọ, ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Mùsíọ̀mù ni wọ́n sì gbé e lọ. Inú àwọn kan ò dùn sí i pé wọ́n tún ń tọ́jú rẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ká padà sílé. Ká sòótọ́, òfin kọ́ ló ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ tiyín, pálọ̀ yẹn ni. Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí Benjamin Adékúnlé. Benjamin yìí ni ayé ń pè ní Black Scorpion, òun ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Third Marine Commando kí wọ́n tó fi Ọbásanjọ́ rọ́pò rẹ̀ ní 1969. Ìlú ṣì ń fi í yangàn. Bí àsíá Biafra bá wà nínú férémù wúrà lára ògiri nírú ìlú bẹ́ẹ̀, kò sí àlejò tó máa béèrè kí ni, ohun tó máa rí kà níbẹ̀ ni pé "a nà wọ́n." Ẹ̀gbọ́n yín l'Ékòó, mo rò pé ohun tó fẹ́ kó sọ gan-an nìyẹn, ó sì yé mi, bàbá ẹni ni bàbá ẹni. Ìyá ayálégbé yín wá ńkọ́? Pálọ̀ yẹn ló máa gbé owó ilé wá, abẹ́ rẹ̀ ló máa jókòó sí. Ọmọ tí Bàbá sọ lórúkọ yẹn náà á bá a wá.

Yàrá ìrántí yàtọ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ mọ̀ pé òun wá wo ayé èèyàn kan tó ti lọ ni. Síbẹ̀, ẹ pe ìyá náà kí ọjọ́ tó pé, ẹ fi aṣọ yẹn hàn án, kó má bàa jẹ́ pé àárín èrò ló ti máa kọ́kọ́ rí i. Kì í ṣe pé ẹ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè ní kò kan òun, ó sì lè jẹ́ pé òun ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ inú igun yẹn túmọ̀ sí ju gbogbo yín lọ.

Nítorí "Okigwe" yẹn ló mú mi lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín. Ìlú ni, ní Imo lónìí. Àsíá tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí lè jẹ́ ti iléèwé, ti kóòtù tàbí ti káńsù. Ẹ yẹ ìránṣọ rẹ̀ wò: ṣé ẹ̀rọ ni wọ́n fi rán oòrùn yẹn mọ́ ọn ni àbí ọwọ́? Ṣé ojú ihò òkùn wà létí rẹ̀, tó ń fi hàn pé òpó ló wà rí? Mo tún fẹ́ kí ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín pé ta ló sọ fún un pé ojú ogun ni Bàbá ti gbà á. Bí kì í bá ṣe ẹnu Bàbá ló ti gbọ́ ọ, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀. Sójà lè rí i nílẹ̀, ó lè rà á, ẹnì kan sì lè fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn 1970. Bí èmi bá máa kọ ìwé yẹn, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Àsíá Biafra. A kọ 'Okigwe' sí igun rẹ̀. A bá a nínú àpótí Bàbá wa lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Wọ́n ṣe sójà ìjọba àpapọ̀ nínú ogun 1967 sí 1970. Wọn kò sọ bó ṣe dé ọwọ́ wọn fún ẹnikẹ́ni nínú wa."

Ó tán. Ẹ má fi "ìkógun" sí i, ẹ má fi "akọni" sí i. Bí ẹ bá rí àwọn tí wọ́n jọ ṣe sójà tí wọ́n ṣì wà láyé, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, ẹ lè wá fi kún un.

Àsíá Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà. Báàjì Dẹ́mọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, mi ò ṣàwàdà o. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá ni, ọmọ yín ni, orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì yín ń jẹ́. Lọ́pọ̀ ibòmíì nílẹ̀ Yorùbá, ìbò 1965 ni Dẹ́mọ̀ ń rán wọn létí, àti wẹ́tìẹ̀, ilé tó jóná, bẹntiróò tí wọ́n dà sára èèyàn. Bí ẹ bá ní àna tó máa wá láti Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, tí ẹnì kan lára wọn sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, báàjì kékeré yẹn lè da ìjókòó rú ju àsíá ńlá lọ. Ìwé àlàyé ni kí òun náà ní. Ẹ má sì fi Brasso dán an.

Ní ti Àbúrò Bàbá, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ pe pásítọ̀ tàbí àfáà tàbí àwọn àgbà ilé, kí wọ́n gbàdúrà sí i títí ọkàn wọn á fi balẹ̀. Àdúrà kì í ba aṣọ jẹ́. Òróró ló ń bà á jẹ́, omi náà sì ń bà á jẹ́, nítorí náà kí pásítọ̀ jọ̀wọ́ na ọwọ́ sí i láti ibi tó dúró sí.

Ẹ má fọ aṣọ náà, àwọ̀ pupa yẹn lè ṣí kó sì yí gbogbo ara rẹ̀. Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tó ti já, ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn. Tó bá wà nínú ọ̀rá, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá á mú kó bu. Ẹ lọ tọrọ páálí róbótó tí wọ́n fi ń ká kápẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ẹ fi aṣọ òwú funfun tí ẹ ti fọ̀ títí sítáàṣì rẹ̀ fi tán wé e, kí ẹ wá ká àsíá náà lé e lórí dípò kí ẹ máa ṣẹ́ ẹ po. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sínú gíláàsì, kí gíláàsì má kan aṣọ, kí àpótí náà sì jìnnà sí fèrèsé. Oòrùn tó ti ṣá aṣọ kò ṣe é dá padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ká a padà, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀. Káńfọ̀ lè wà nínú àpótí, àmọ́ ẹ dì í sínú aṣọ kó má bàa kan àsíá. Ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri nítorí ikán.

Bó bá sì wá di ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ mọ́ nínú ẹbí, ẹ má tà á fáwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri. Mùsíọ̀mù Umuahia yẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé àlàyé náà sínú lẹ́tà.