Iye tó wà lára ẹ̀ nìkan ò tó: nípa Star Wars nọ́ńbà kìíní tí bàbá rẹ fi sílẹ̀

Àbúrò mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ ire. Mo ka ohun tó o kọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. O ní bàbá kàwé ní Amẹ́ríkà láti 1976 títí di 1981, pé nígbà tẹ́ ẹ ṣí àpótí irin wọn n'Íbàdàn lẹ́yìn ìsìnkú lẹ bá kọ́míìkì mẹ́tàlélógún nínú ẹ̀, ìwé ìtàn alàwòrán tí ilé iṣẹ́ Marvel ṣe nípa fíìmù Star Wars, nọ́ńbà kìíní wà níbẹ̀, 35 sẹ́ǹtì ló wà lára ẹ̀, ẹnì kan sì ti sọ fún ẹ pé èyí tó bá ti ní 35 sẹ́ǹtì lára, owó tó tó ra ilẹ̀ ni. O wá ń bèèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá kó o fi aṣọ tútù nù wọ́n kó o tó ya fọ́tò fún ẹni tó fẹ́ rà wọ́n, kó o sì pa orúkọ bàbá tí wọ́n fi bírò kọ sí iwájú àwọn kan rẹ́.

Má tíì tà á, má fi nǹkan kan nù ún, má pa nǹkan kan rẹ́. Jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí fún ẹ.

Lọ́dún 2013 mo lọ sí ọjà kọ́míìkì kan ní Baltimore, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kó Star Wars jọ nígbà yẹn, mo rò pé mo ti mọ gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin kan gbé nọ́ńbà kìíní sílẹ̀ nínú náílọ́ọ̀nù, 35 sẹ́ǹtì rèé gbàgàdà lára ẹ̀, ó ní 700 dọ́là ni, pé torí pé òun fẹ́ máa lọlé lòun ṣe dín in. Ọkàn mi ń lù kìkìkì. Mo mọ̀ pé ojúlówó 35 sẹ́ǹtì máa ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, mo ní ọjà rèé, owó tí mo ti ń tọ́jú látọdún tó kọjá ni mo kà fún un. Àfìgbà tí mo délé, tí mo ṣí sítíkà iye owó tó lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù yẹn kúrò, ni mo rí ohun tó bò mọ́lẹ̀ ní igun òkè lápá òsì: REPRINT. Ìwé tí wọ́n tún tẹ̀ ni. Ọkùnrin yẹn ò fẹnu ara ẹ̀ pe irọ́ kankan, ó kàn sọ pé "35 sẹ́ǹtì ni", bẹ́ẹ̀ 35 sẹ́ǹtì náà ni lóòótọ́. Mi ò sọ fún ìyàwó mi fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyí, tó o bá sì ti mọ ìdí ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè fi lù ẹ́ ní jìbìtì mọ́. Ní 1977, 30 sẹ́ǹtì ni kọ́míìkì Marvel. Wọ́n fẹ́ fowó lé e, wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn ìlú díẹ̀ dán an wò, wọ́n tẹ díẹ̀ tó jẹ́ 35 sẹ́ǹtì fún àwọn ìlú yẹn, gbogbo ibi tó kù ṣì ń rà á ní 30. Àwọn ìwé tó ní déètì June sí October 1977 ni wọ́n fi dán an wò, Star Wars nọ́ńbà 1 sí 4 sì bọ́ sáàárín ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé 1 sí 4 nìkan ni 35 sẹ́ǹtì ti jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀. Nígbà tó fi máa di nọ́ńbà 5, 35 sẹ́ǹtì ti di iye gbogbo ibi, kò sí ohun tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà 5 tàbí 6 tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn gba ayé kan, ọjà ò tó àwọn èèyàn, ni Marvel bá ń tún 1 sí 9 tẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, 35 sẹ́ǹtì sì ti di iye gbogbo ayé nígbà yẹn. Torí náà ọ̀pọ̀ nọ́ńbà kìíní tó ní 35 sẹ́ǹtì lára tó wà nílẹ̀ lónìí, àtúntẹ̀ ni.

Gbé tìẹ síwájú rẹ báyìí. Wo igun òkè lápá òsì, inú àpótí tí wọ́n kọ iye sí, ṣé onígun mẹ́rin tó jókòó dáadáa ni àbí ó dúró lórí góńgó bíi dáyámọ́ǹdì inú káàdì? Tó bá jẹ́ dáyámọ́ǹdì, kì í ṣe òun, irú wọn ni ilé iṣẹ́ Whitman máa ń kó mẹ́ta mẹ́ta sínú náílọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọdé. Tó bá jẹ́ onígun mẹ́rin, wá ọ̀rọ̀ REPRINT lókè níbẹ̀, kó o sì ṣí inú ẹ̀ wò, torí inú nígbà míì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà wo ìsàlẹ̀ lápá òsì, ibi bákóòdù. Ìlà dúdú dúdú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí àpótí bákóòdù yẹn bá ṣófo, àtúntẹ̀ ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ pé: 35 nínú onígun mẹ́rin, ìlà bákóòdù wà, REPRINT ò sí níbì kankan. Ọ̀kan yẹ̀ nínú ẹ̀, ó ti tán. Èmi wo ẹyọ kan ṣoṣo tó wù mí lójú, mo gbójú fo méjì tó kù.

Ẹnì kan tún máa wá sọ fún ẹ pé ayédèrú ni gbogbo ẹ̀ pátápátá torí àwòrán inú ẹ̀ ò jọ fíìmù, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Má dá a lóhùn. Nọ́ńbà kìíní yìí ti dé orí àtẹ ní April 1977 (déètì July tó wà lára ẹ̀ kàn sáré ṣáájú ọjọ́ tó jáde ni), fíìmù ò sì jáde títí di 25 May. Roy Thomas ló kọ ọ́, Howard Chaykin ló yà á, fọ́tò àti ìwé eré ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, kò tíì sí fíìmù tó parí tí wọn ì bá wò. Ìdí nìyẹn tí akoto Darth Vader, aṣebi inú ìtàn náà, fi ní àwọ̀ ewé níwájú ìwé yẹn, tí idà Luke, akọni ìtàn náà, sì pupa. Ìdí nìyẹn tí Jabba, olórí ọ̀daràn inú nọ́ńbà 2, fi jẹ́ èèyàn tínínrín olójú yẹ́lò tó ní irunmú, tí kì í ṣe arọ̀bọ̀tọ̀ bí ìgbín tó bọ́ ìkarahun tá a wá mọ̀ ní 1983. Biggs, ọ̀rẹ́ Luke, tí wọ́n gé apá tiẹ̀ kúrò nínú fíìmù níbi tí wọ́n ti jọ wà nílé, ó wà nínú kọ́míìkì náà kalẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ jù torí ìyẹn. Ẹni tó bá rà á ní April yẹn, bíi bàbá rẹ bóyá, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìtàn yẹn kí fíìmù tó jáde, ó sì mọ ọ́n ní ọ̀nà tí ẹlòmíì ò tún lè gbà mọ̀ ọ́n mọ́.

Stan Lee, ọ̀gá ní Marvel, ò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ rárá o. Charles Lippincott láti ọ̀dọ̀ George Lucas tó ṣe fíìmù náà ló ń tọ̀ wọ́n kiri, Roy Thomas ló bá a sọ ọ́ títí wọ́n fi gbà, àdéhùn wọn sì ni pé Marvel ò ní san kọ́bọ̀ kankan àfi tó bá tà kọjá 100,000. Jim Shooter tó padà di olóòtú àgbà Marvel ti sọ ọ́ pé owó kọ́míìkì Star Wars yìí ló kó ilé iṣẹ́ náà yọ nígbà tí nǹkan le fún wọn gan-an ní 1977 sí 1978. Nítorí náà, kódà kí tìẹ jẹ́ àtúntẹ̀, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é ní pàǹtírí.

Ó wá kan èyí tí mo rò pé o gbójú fò. Nínú nọ́ńbà tó o kọ sílẹ̀ mo rí 42. Àbúrò mi, gbé 42 sọ́tọ̀ lónìí! Láti 39 sí 44 ni wọ́n ti sọ ìtàn fíìmù Star Wars kejì, Archie Goodwin kọ ọ́, Al Williamson àti Carlos Garzon yà á, àwọn àwòrán tó rẹwà jù nínú gbogbo ọ̀wọ́ yìí nìyẹn lójú tèmi. Ní 42, tó ní déètì December 1980, ni Boba Fett, ọdẹ tí wọ́n ń sanwó fún láti mú èèyàn, ti kọ́kọ́ wọ inú ọ̀wọ́ yìí, àwọn tó ń wá a pọ̀ bí eṣú. O lè rí i pé ibi tó o ti ń kígbe 35 sẹ́ǹtì, 42 lówó wà. Nọ́ńbà 8 náà wà lọ́wọ́ rẹ, níbi tí Jaxxon ti kọ́kọ́ jáde, ehoro aláwọ̀ ewé tó ń wa ọkọ̀ òfúrufú. Àwọn kan kórìíra ehoro yẹn o, èmi ò kórìíra ẹ̀, òun ló mú ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí láti ka kọ́míìkì.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ aṣọ tútù tó o fẹ́ fi nù ún. Mo ti ṣe é rí. Nọ́ńbà 68 ni, èyí tí David Michelinie kọ tí Gene Day yà, ìdọ̀tí díẹ̀ ló wà níwájú ẹ̀, mo fi aṣọ tí mo rẹ tí mo fún dáadáa nù ún pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, àwọ̀ pupa bá bá aṣọ jáde, ìwé wú, ó ká kò bí ewé gbígbẹ, kò sì padà sípò mọ́. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ni wọ́n fi tẹ inú àwọn kọ́míìkì yẹn, ó ti lé ní ogójì ọdún, omi ò gbọ́dọ̀ kàn án. Sẹ́lótéèpù náà ń kọ́, tó bá ti ya, jẹ́ kó ya bẹ́ẹ̀, sẹ́lótéèpù á di búráùn á sì jẹ bébà wọnú. Ní 2016 omi wọ bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé wa ní Maryland, orí ilẹ̀ ni mo gbé páálí sí, mo pàdánù mọ́kànlélọ́gbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nọ́ńbà 107 tó gbẹ̀yìn, September 1986, Jo Duffy kọ ọ́, Cynthia Martin yà á, ó wà nínú wọn. Ọjà ti ń kú lórí Star Wars nígbà tí ìyẹn jáde, wọn ò tẹ púpọ̀, ọdún méjì ni mo fi wá òmíì tó dáa tágbára mi ká.

Tìẹ n'Íbàdàn, omi nìkan kọ́ o, ooru wà ńbẹ̀, ikán wà ńbẹ̀, aáyán ń jẹ ìwé. Káńfọ̀ tó o ní màmá kó sínú àpótí yẹn, bá wọn kó o kúrò lónìí, òórùn ẹ̀ á wọ bébà, kò ní jáde. Má gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, má gbé e ti ògiri, gbé e sórí nǹkan tó lẹ́sẹ̀ irin, nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, má sì gbé e sókè sílìn lábẹ́ páànù. Àwọn báàgì kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ "má jẹ ẹ́" sí lára, kó o jọ, jù ú sínú àpótí, á máa fa ọ̀rinrin. Má fi rọ́bà dè é, má fi ìwé ìròyìn wé e. Tẹ́nì kan bá ń bọ̀ láti òkè òkun, ní kó ra náílọ́ọ̀nù Mylar àti páálí pẹlẹbẹ tí kò ní ásíìdì wá fún ẹ, kò wọ́n, kò sì wúwo nínú ẹrù.

Má sáré fi ránṣẹ́ sí CGC o, ilé iṣẹ́ kan ní Florida tó ń yẹ kọ́míìkì wò tó sì ń fún un ní máàkì. Owó wọn, owó ìfiránṣẹ́, àti ewu ojú ọ̀nà pọ̀ jù, àfi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kà yẹn bá pé lára nọ́ńbà kìíní, tàbí kí 42 mọ́ tónítóní. Tó bá sì máa rìn, kí ẹni tó ń bọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e, kó wà láàárín páálí líle méjì, kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀ òfúrufú.

Orúkọ bàbá tí wọ́n fi bírò kọ, òótọ́ ni pé yóò dín owó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá fi nǹkan pa á rẹ́, àmì pé o pa á rẹ́ máa dín in kù ju orúkọ lọ. Tèmi ni pé kó o yọ àwọn tó ní orúkọ wọn lára sọ́tọ̀, kó o má tà wọ́n rárá. Bàbá tèmi náà gbé l'Amẹ́ríkà nígbà yẹn, gbogbo ohun tó kù tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sí ò ju lẹ́tà méjì lọ.

Ní àárọ̀ ọ̀la, nígbà tí oòrùn ò tíì mú, fọ ọwọ́ rẹ, jẹ́ kó gbẹ, tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kó o ya fọ́tò igun òkè lápá òsì, bákóòdù ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn ìwé, àti àárín níbi tí pín-ìn tí wọ́n fi gán an wà, kí n rí bóyá ó ti dípẹtà. Ka gbogbo ojú ewé inú ẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọmọdé máa ń gé kúpọ́ọ̀nù ìpolówó kúrò. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún 42 náà. Tó o bá ti fi ránṣẹ́, màá wò ó lálẹ́ ọ̀la tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́.