Ṣé dandan ni kí n lu ihò sí òrùlé Hilux nítorí éríà rédíò CB?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ùṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Pákó ni mo ń tà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Mo ní Hilux kan tí mo fi ń wọ oko lọ wo igi, mo sì ní 911 tó ń kó ẹrù. Bí dírẹ́bà bá ti wọ àárín òkè báyìí, fóònù rẹ̀ kì í wọlé mọ́. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà wá fi rédíò CB méjì ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlo fóònù, pẹ̀lú éríà, ìyẹn ọ̀pá tó ń gba ohùn wọlé tó sì ń gbé e jáde: onímágínẹ́ẹ̀tì kan àti èyí tí wọ́n ń fi bóòtù dè. Rewáyà wa de oníbóòtù mọ́ bọ́ńpà iwájú Hilux. Orí 911 kò gba mágínẹ́ẹ̀tì, ló bá fi okùn di ìyẹn mọ́ igi òrùlé. Bí ọkọ̀ méjèèjì bá wà níwájú ilé, à ń gbọ́ ara wa ketekete. Kí ọ̀kan ṣáà ti jáde nílùú, ariwo ló kù. Rewáyà ní àfi ká lu ihò sí òrùlé Hilux, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà ṣì tuntun lọ́wọ́ mi. Ṣé òótọ́ ló sọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì jẹ́ kó gbé dríìlì o, bàbá mi. Rewáyà yín kò purọ́ pátápátá, torí éríà tí wọ́n lu ihò fún láàárín òrùlé ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irin ló ń dà yín láàmú báyìí. Éríà kan wà níbi tí irin ti dí i lójú, èkejì wà níbi tí kò ti sí irin kankan lábẹ́ rẹ̀.

Rédíò CB ń ṣiṣẹ́ lórí 27 MHz; ṣánẹ́ẹ̀lì 1 wà ní 26.965, ṣánẹ́ẹ̀lì 40 wà ní 27.405. Ìgbì rẹ̀ gùn tó mítà 11. Éríà ọkọ̀ tó bá pé, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn ló yẹ kó jẹ́, nǹkan bíi mítà 2.7. Ta ló fẹ́ gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wọ oko? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ká wáyà sínú éríà kúkúrú kó lè ṣe bí èyí tó gùn. Ṣùgbọ́n ì báà gùn, ì báà kúrú, ìdajì éríà ni ọ̀pá tí ẹ̀ ń wò yẹn. Ara ọkọ̀ ni ìdajì kejì. Iná tó fẹ́ gun ọ̀pá lọ sókè gbọ́dọ̀ rí irin tó fẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó dúró sínú ẹrẹ̀ kò lè fò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fi kún wáàtì, ẹ dá a lóhùn pé ẹ ò rà. Wáàtì 4 tó wà nínú rédíò yẹn tó yín, bí éríà bá jókòó síbi tó yẹ.

Ẹ pàrọ̀ éríà méjèèjì. Onímágínẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbé sórí Hilux, torí irin ni òrùlé rẹ̀. Ẹ gbé e sáàárín gbùngbùn. Ibi tí irin ọkọ̀ bá pọ̀ sí ni agbára éríà máa ń tẹ̀ sí: bí ẹ bá gbé e sí igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, apá iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ni yóò máa lọ jù. Ti bọ́ńpà burú ju ìyẹn lọ, torí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti orí ọkọ̀ ti dúró ti éríà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń gba agbára rẹ̀ mu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha ọ̀dà òrùlé o. Mágínẹ́ẹ̀tì kò nílò rẹ̀, ó ń bá irin ṣe láti orí ọ̀dà. Eruku pupa ọ̀nà oko ló lè ba ọ̀dà yín jẹ́ bó bá kó sábẹ́ rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ máa gbé e sókè tààrà, ẹ má wọ́ ọ, kí ẹ fi aṣọ nu abẹ́ rẹ̀ àti ojú òrùlé. Kí wáyà rẹ̀ gba òkè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, níbi tí rọ́bà ti rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ níta kí omi òjò lè kán dànù kó tó dé inú.

Iṣẹ́ gidi wà lórí 911. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe rí níbí: irin ni iwájú àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, káfíńtà ló kan ìyókù, láti orí dírẹ́bà dé ibi ẹrù. Éríà tí wọ́n fi okùn dì mọ́ pákó kò ní ìdajì kejì rárá. Wáyà tó so ó mọ́ rédíò ni yóò wá máa ṣe iṣẹ́ ìdajì yẹn, yóò sì máa kó ariwo ẹ́ńjìnì sínú rédíò.

Ibi tí èmi yóò gbé oníbóòtù sí ni apá irin tó gbé dígí ẹ̀gbẹ́ dúró, bó bá jẹ́ pé ara irin iwájú ni wọ́n dè é mọ́. Bí pákó ni wọ́n kàn án mọ́, ẹ pe wẹ́dà kó jó páìpù kan mọ́ ṣásí, kí orí páìpù náà ga dé òrùlé. Ojú ibi tí ìdè éríà yóò ti kan irin, ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin yóò fi máa dán. Ẹ lo wọ́ṣà eléyín kó lè jẹ irin dáadáa, ẹ dì í le, lẹ́yìn náà kí ẹ kun gíríìsì sí ìta rẹ̀ kó má baà dógùn-ún. Kí rewáyà tún fa wáyà bọ́dì tó fẹ̀, tó sì kúrú, láti ìdè éríà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti òmíràn láti bọ́nẹ́ẹ̀tì sí ṣásí. Kó má gbẹ́kẹ̀ lé ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń ṣí. Ọ̀dà àti gíríìsì ló kún ibẹ̀.

Wọ́ṣà ike kékeré kan wà nínú páálí éríà yẹn. Àwọn rewáyà máa ń jù ú nù, wọ́n rò pé àfikún ni. Òun ló ń ya bóòtù tó gbé éríà sọ́tọ̀ kúrò lára irin ìdè. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó wà lódìkejì ibi tó yẹ kó wà, àárín wáyà yóò kan bọ́dì, ohùn yín kò sì ní jáde kúrò nínú ọkọ̀. Ẹ tú wáyà éríà lẹ́yìn rédíò, kí ẹ fi tẹ́sítà wò ó. Irin ìta ẹnu rẹ̀ àti nẹ́gétíìfù bátìrì gbọ́dọ̀ kan ara wọn, kí tẹ́sítà sún mọ́ òdo. Abẹ́rẹ́ àárín àti irin ìta kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn, àyàfi bó bá jẹ́ irú éríà tí kóìlì rẹ̀ ti so wọ́n pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ìwé inú páálí lè sọ èyí fún yín.

911 ga, ẹ̀ka igi sì wà lójú ọ̀nà oko, nítorí náà ẹ fi sípíríǹgì sí ìdí éríà. Ẹ wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó. Wáyà NEPA máa ń rọ̀ sílẹ̀ láwọn abúlé kan, éríà kò gbọ́dọ̀ débi tó sún mọ́ ọn rárá.

Wọ́n á ní kí ẹ fi wáyà DSTV ṣe é torí òun ló pọ̀ lọ́jà. Ẹ má gbà. 75 ohm ni ti DSTV, 50 ohm ni rédíò yìí ń fẹ́. RG-58 ni kí ẹ bèèrè, PL-259 sì ni ẹnu tó bá ẹ̀yìn rédíò mu. Iná rédíò, ẹ fà á tààrà láti bátìrì, kí fíùsì wà lẹ́bàá bátìrì níbẹ̀. Ẹ wọn iná 911 kí ẹ tó so ó, torí fóòtì 12 ni rédíò ń lò, òmíràn nínú àwọn ọkọ̀ yìí sì ń lo 24. Bó bá jẹ́ 24, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12. Yíyọ iná lára bátìrì kan ṣoṣo nínú méjì yóò ba bátìrì jẹ́.

Ẹ wá mítà SWR kan. Kò wọ́n, ẹ sì lè yá a lọ́wọ́ ẹni tó bá ní. Òun ló ń sọ iye agbára tí éríà ń dá padà sínú rédíò. Ẹ gbé ọkọ̀ síta gbangba, jìnnà sí ògiri àti páànù, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má dúró ti éríà. Ẹ wò ó ní ṣánẹ́ẹ̀lì 1, ẹ wò ó ní 20, ẹ wò ó ní 40. 1.5 sísàlẹ̀ dára, ẹ lè fara mọ́ 2, bó bá ti lé ní 3 ẹ má tẹ bọ́tìnì ọ̀rọ̀ mọ́, torí ó lè jó ara rédíò. Bí ti 40 bá ga ju ti 1 lọ, éríà gùn jù, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ti 1 ló bá ga jù, ó kúrú, ẹ fà á jáde sí i. Bó bá sì ga bákan náà níbi gbogbo, ẹ fi éríà sílẹ̀, ẹ padà lọ wo bọ́dì àti wọ́ṣà ike yẹn. Kí ẹ ṣe é fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ o.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, ojú ọ̀nà tó tẹ́jú yóò fún yín ní kìlómítà mélòó kan láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n òkè Ẹ̀fọ̀n kò ní kúrò lọ́nà. Dírẹ́bà tó wà nínú àfonífojì lè má gbọ́ yín rárá. Kó gun ibi tó ga kó tó pè. Ọjọ́ mìíràn, ẹ ó gbọ́ èdè tí ẹ ò mọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Kò sí ohun tó ṣe rédíò yín, oòrùn ló ń jẹ́ kí òfuurufú máa dá ìgbì wọn padà sílẹ̀ wá bá wa.

Àṣẹ ńkọ́? NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, ló ń bójú tó lílo fríkúẹ́ńsì ní Nàìjíríà. Pé wọn kì í bèèrè láísẹ́ńsì lọ́wọ́ oní-CB ní Amẹ́ríkà kò kàn wá níhìn-ín, ẹ bi NCC kí ẹ tó máa fi ṣe òwò lójoojúmọ́.

Bí mítà bá kọ̀ tí kò wálẹ̀ lórí 911 lẹ́yìn gbogbo èyí, éríà kan wà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ onípákó àti ọkọ̀ ojú omi, tí kò nílò irin lábẹ́. Wáyà tirẹ̀ ló ń bá a wá, ẹ má pàrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó sí i, ẹ kọ ohun tí mítà sọ ní ṣánẹ́ẹ̀lì 1 àti 40 ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ fi fọ́tò ìdí éríà sí i.