Ojú àfòpiná kì í ṣe ìpara

Ìbéèrè: Ínjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Photocell iná géètì wa ní Ìkòròdú níbí, ojú tó ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú kó tó tan iná, ti ń tan iná lọ́sàn-án gangan. Ẹnìkan ń ta ìpara "ojú àfòpiná," ó ní tí a bá fi pa ojú rẹ̀, á máa ríran bíi titun. Ọmọ mi ti fẹ́ rà á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó rà á. Ó ti sú mi bí wọ́n ṣe ń fi ìpara yìí gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ojú àfòpiná yàtọ̀ lóòótọ́. Gọ́ngọ́ wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 5,000: ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni gọ́ngọ́ kan tó. Ẹ lọ wo omi ọ̀sà ní Èbúté. Ìgbì tó gbá ògiri jẹ́tì á ta padà, èyí tó gun yanrìn tó rọra ń ga á parẹ́ síbẹ̀. Yanrìn yẹn ni gọ́ngọ́ wọ̀nyí jẹ́ fún ìmọ́lẹ̀: kò rí ògiri tí yóò gbá, ó bá wọlé. Èyí wà lára ohun tó ń ran kòkòrò náà lọ́wọ́ láti ríran lóru, ojú rẹ̀ kì í sì í dán kí ọ̀tá rí i.

Bí ojú náà ṣe rí ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe oje kan tó wà nínú rẹ̀. Kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè fún jáde lára àfòpiná tó máa di gọ́ngọ́ lójú gíláàsì. Ní 1973, ìmọ́lẹ̀ lésà ni àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ya irú rẹ̀. Àní òróró ìka lásán, tó bá kàn án, á dí àárín àwọn gọ́ngọ́ náà. Ìpara wá ńkọ́?

Ká tiẹ̀ ní ojúlówó ni, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni ojú gíláàsì kọ̀ọ̀kan ń dá padà. Ìyẹn nìkan lẹ máa rí gbà. Silicon, ohun tí wọ́n fi ń ṣe sólà àti ojú kámẹ́rà, tí a kò bá fi nǹkan kan bò ó, ń dá ju 30 nínú 100 padà, òun ló jẹ́ kí irú gọ́ngọ́ yìí wúlò fún àwọn tó ń ṣe wọ́n.

Eruku ló jọ pé ó bo tiyín, ó wá rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Èyí tí mo nù kẹ́yìn, òwú aláǹtakùn àti eruku ọyẹ́ ló dì mọ́ ọn. Aṣọ funfun tí mo fi nù ún pọ́n bí ẹni fi nu epo. Ẹ pa iná láti mítà, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nù ún. Tí ike ojú rẹ̀ bá ti pọ́n tàbí sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò rí tiyín o. Tó bá ṣì ń tàn, ẹ pe oníṣẹ́ iná, ẹ má tú u fúnra yín.

Bí ọmọ yín bá sì ti fi ìpara náà pa á, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ni kó fi nù ún kúrò lónìí, kí eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn.