Níbo Ni Kí N Dúró Níbi Eré Rock, Kí Etí Mi Má Baà Bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọdún kejì ni mo wà ní Yunifásítì Leeds. Láti SS2 ní Ìbàdàn ni mo ti ń gbọ́ orin ẹgbẹ́ rock kan lórí fóònù, n kò sì rò ó rí pé ojú mi á tó wọn. Ní báyìí wọ́n ń bọ̀ wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá kan níbí, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró. Ohun tó wù mí ni kí n wà níwájú pátápátá, lábẹ́ ìtàgé. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá, odindi ọjọ́ méjì ni etí rẹ̀ fi ń hó. Ẹnì kan ní kí n fi owú dí etí. Ẹlòmíì ní bí mo bá dí etí, kí ni mo wá lọ gbọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tiẹ̀ ní orin òyìnbó aláriwo lásán ni, kí n fi owó mi jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n dúró, kí ni kí n fi sí etí, kí ni kí n sì ṣe bí etí bá ń hó lẹ́yìn eré?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire tíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ìdarí ohùn ni mo ń ṣe. Èmi ni mo máa ń wà nídìí míksà, ẹ̀rọ tí a fi ń darí gbogbo ohùn eré, láàrin èrò nígbà tí àwọn olórin bá wà lórí ìtàgé. Màá kọ́kọ́ sọ ibi tí o máa dúró, kí n tó sọ ìdí rẹ̀. Wá sọ́dọ̀ wa. Bí o bá ti wọlé, wo ẹ̀yìn èrò, wàá rí ibi tí wọ́n fi irin yí ká, tí míksà àti kọ̀ǹpútà wà. Dúró níwájú ibẹ̀ díẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí edídí etí tí wọ́n ṣe fún orin sì ti wà ní etí rẹ méjèèjì kí ohùn àkọ́kọ́ tó jáde. Agbègbè yẹn ni orin ti máa ń dùn jù nínú gbọ̀ngàn, ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ fún etí ti kéré sí ti iwájú.

Mo mọ̀ pé èyí lè dùn ọ́, nítorí iwájú ni ọkàn rẹ wà. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Òkè ni a máa ń so àwọn sípíkà ńlá tó ń gbé orin dé ọ̀dọ̀ èrò kọ́ sí, lọ́tùn-ún àti lósì ìtàgé, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sì kọjú sí. Orí ẹni tó bá wà lábẹ́ ìtàgé ni ohùn wọn ń gbà kọjá. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ni drọ́ọ̀mù tó ń dún ní tààrà láti orí ìtàgé, gìtá tó ń jáde láti ara àpótí tí onígìtá gbé sẹ́yìn ara rẹ̀, àti àwọn sípíkà kéékèèké tí a tò sí etí ìtàgé kí ohùn akọrin má baà sọnù pátápátá. Àwọn sípíkà béèsì, èyí tó ń gbé ohùn tó rẹlẹ̀ jù, sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, níwájú àyà rẹ gan-an. Bí o bá dúró síwájú onígìtá, gìtá ni o máa gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀rọ̀ orin tí o ti há sórí láti SS2 á máa já gbà mọ́ ọ lọ́wọ́.

Àwa tó wà nídìí míksà, etí la fi ń ṣe é. Bí ohùn akọrin bá rì, a ó gbé e sókè. Bí gìtá bá ń gún ni létí, a ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohun tí a gbọ́ níbi tí a dúró sí ni a fi ń pinnu gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí orin fi pé pérépéré níbẹ̀. Ohun kan ṣì wà tí àwọn tó ti pẹ́ nínú eré wíwò máa ń ṣe: wọn kì í dúró sí àárín gbùngbùn gbọ̀ngàn. Béèsì tó ń bọ̀ láti apá ọ̀tún àti èyí tó ń bọ̀ láti apá òsì máa ń pàdé lójú ìlà àárín náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì ti ara wọn lẹ́yìn débi pé á bo ohun yòókù mọ́lẹ̀. Sún sí ẹ̀gbẹ́ ní ìṣísẹ̀ díẹ̀, fetí sílẹ̀, wàá rí ìyàtọ̀ náà.

Má sì tètè dá eré lẹ́jọ́. Nígbà tí a bá ń dán ohùn wò lọ́sàn-án, gbọ̀ngàn ṣófo. Bí èrò bá wá kún un lálẹ́, ara àti aṣọ wọn á máa fa ohùn mu, pàápàá èyí tó ga, a ó sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀. Orin kìíní àti ìkejì lè má tíì dúró dáadáa. Ní ìkẹta, ó yẹ kó ti bọ́ sójú ọ̀nà.

Ó kan ọ̀rọ̀ etí, èyí tí mi ò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nínú etí lọ́hùn-ún, ibì kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, omi sì wà nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-rín tí ojú lásán kò lè rí ló tò síbẹ̀, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń sọ ìró di ohun tí ọpọlọ lè mọ̀. Bí ariwo bá pọ̀ jù, wọ́n á tẹ̀. Bí wọ́n bá rí ìsinmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún dìde. Àwọn tó bá kú nínú wọn kì í hù padà lára ènìyàn. Híhó tí etí ọ̀rẹ́ rẹ hó, àmì ni pé ariwo náà ti kọjá ohun tí etí lè gbà. Ó lè dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò sí èyí tó kú nínú wọn.

Dẹ́síbẹ̀lì, dB, ni a fi ń wọn agbára ìró. NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ìlera òṣìṣẹ́, ní 85 dB ni etí lè gbà fún wákàtí 8 lóòjọ́. Bí ó bá ti fi 3 dB lé sí i, àkókò náà á pín sí méjì: 88 di wákàtí 4, 91 di wákàtí 2, bẹ́ẹ̀ ni títí a ó fi dé 100 dB, tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 15 péré. Etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mọ ìyàtọ̀ 3 dB, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Eré rock nínú gbọ̀ngàn sábà máa ń tó 100 dB tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, wákàtí méjì ni olórí eré sì lè lò. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ibi eré má ṣe jẹ́ kí ìró ju 100 dB lọ bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú 15; 2022 ni wọ́n gbé ìlànà yẹn jáde. Ìlànà ni, gbogbo gbọ̀ngàn kọ́ ló ń tẹ̀ lé e.

Bí o bá débẹ̀, wo etí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dúró láàrin ìtàgé àti èrò. Edídí etí ni wàá rí. Òfin ariwo níbi iṣẹ́ ti ọdún 2005 ní Brítéènì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn ibi orin ní 2008, sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti dáàbò bo etí òṣìṣẹ́ bí ariwo bá dé 85 dB. Àwọn òṣìṣẹ́ ni òfin náà wà fún. Ìwọ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sí ẹ̀ṣọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan nípa tìrẹ. Ọwọ́ ara rẹ ni etí rẹ wà.

Ìlú tí o wà gan-an ní ìtàn lórí èyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 1970, ẹgbẹ́ The Who ṣeré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú Refectory yunifásítì yín, ilé oúnjẹ tó ṣeé ṣe kí o ti jẹun nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n gba eré náà sílẹ̀, ó jáde lọ́dún kan náà pẹ̀lú orúkọ Live at Leeds, títí dòní ọ̀pọ̀ ló ṣì ń kà á mọ́ àwo orin orí ìtàgé tó dára jù tí ẹgbẹ́ rock ṣe rí. Lọ wo àmì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi sára ògiri ibẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 1976, ní pápá bọ́ọ̀lù Charlton ní London, wọ́n wọn ìró ẹgbẹ́ yìí kan náà: 126 dB, ní mítà 32 sí sípíkà. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Pete Townshend, onígìtá wọn, ti sọ ọ́ ní gbangba pé etí òun ti bàjẹ́, ó sì ń hó. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé íafóònù tí òun ń lò ní sítúdíò wà lára ohun tó fà á jù. Ní 2016, dókítà ní kí Brian Johnson, akọrin ẹgbẹ́ rock AC/DC, dá ìrìn àjò eré dúró tàbí kí ó di adití. Etí Chris Martin, akọrin ẹgbẹ́ Coldplay, náà ń hó, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dáàbò bò ó. Àwọn tó ń ṣe orin náà ló ń sọ èyí fún wa.

Nítorí náà, edídí etí. Owú kò ṣe iṣẹ́ kankan tó nítumọ̀. Ìró ń gba àárín rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni tíṣù. Fóòmù rírọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn dára fún etí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ibi eré sì máa ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ bí a bá béèrè ní ibi ọtí. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gé ohùn tó ga ju èyí tó rẹlẹ̀ lọ, orin á wá dún bí ẹni pé o wà ní yàrá kejì. Ìyẹn ni ẹni tó bi ọ́ pé kí lo wá lọ gbọ́ mọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún orin ní ihò kékeré àti asẹ́ kan nínú, tó ń dín gbogbo ìró kù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nǹkan bíi £15 sí £30 ni, o sì lè fọ̀ ọ́ lò fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá dín 15 dB kù lóòótọ́, 100 ti di 85 nìyẹn, ìṣẹ́jú 15 ti di wákàtí 8. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọ pé wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ orin dáadáa ju ẹni tí kò fi nǹkan sétí lọ, nítorí etí tí ariwo ti bò kì í mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sí etí láìdáa. Bí ó bá jẹ́ fóòmù, fi ìka yí i títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́, na ọwọ́ kejì gba orí kọjá, fa etí sókè sẹ́yìn, tì í wọlé, kí o sì dì í mú títí yóò fi wú. Bí o bá kùn hùn-ún, tí ohùn ara rẹ sì dún nínú orí rẹ, ó ti wọlé. Gbìyànjú rẹ̀ nílé ṣáájú ọjọ́ náà.

Bí ọkàn rẹ kò bá ní balẹ̀ láìdé iwájú, lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú edídí létí. Wò wọ́n lójú fún orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o sì padà sẹ́yìn. Jẹun kí o tó lọ, mu omi, wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bí èrò bá ń fún ọ mọ́ irin, na ọwọ́ sókè sí ẹ̀ṣọ́, wọ́n á fà ọ́ jáde. Iṣẹ́ wọn ni, má tijú. Láàrin ẹgbẹ́ tó ṣíde eré àti olórí eré, jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí etí sinmi.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ fún un pé Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, wá Èkó, ó sì bá Fela ṣe àwo tó jáde ní 1971. Ní Èkó kan náà ni ẹgbẹ́ BLO ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rock pẹ̀lú gìtá oníná ní 1972, ọmọ ilé ìwé St. Gregory's sì ni àwọn ẹgbẹ́ Ofege nígbà tí wọ́n ṣe àwo àkọ́kọ́ wọn. Rock ti wà lọ́dọ̀ wa kí a tó bí òun.

Lẹ́yìn eré, má fi íafóònù sétí lọ́nà ilé, má sì lò ó ní ọjọ́ kejì. Bí etí bá ń hó díẹ̀, tí gbogbo nǹkan sì ń dún bí ẹni pé ó ti jìnnà, ó sábà máa ń lọ láàrin ọjọ́ kan sí méjì nínú ìdákẹ́jẹ́. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lọ rí dókítà rẹ. Ṣùgbọ́n bí etí kan bá dí lójijì, tí o kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, má dúró dọjọ́ kejì: pe 111, nọ́ńbà ìlera NHS níbẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ìtọ́jú irú rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀.