Ó Ń Wo Fídíò Ìṣirò, Àmọ́ Kò Lè Dá A Ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. SS2 ni ọmọ mi wà. Alaalẹ́ ló ń fi fóònù mi wo fídíò ìṣirò. Bó bá ń wò ó, á ní ó yé òun. Bí wọ́n bá ṣe ìdánwò, òfo ni. Ṣé kí n gba fóònù náà? – Ìyá ọmọ, Aṣẹ̀rò, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà á, Mà. Ọmọ yín ò purọ́. Ohun tí olùkọ́ inú fídíò ṣe ló yé e. Òun gan-an kò tíì ṣe nǹkan kan. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà dán irú èyí wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀mejì rántí ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n wá pa á dé tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí, 75. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: 42 fún àwọn ti àkọ́kọ́, 56 fún àwọn tó kọ ọ́. Ìdánwò kì í sì í dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5.

Kó download fídíò náà, 360p (ìwọ̀n àwòrán tí kì í jẹ dátà púpọ̀) ti tó, kó wá fi fóònù sí airplane mode kí WhatsApp yín má baà máa dún sí i létí. Bí olùkọ́ bá ti kọ ìbéèrè, ká ní x² − 5x + 6 = 0, kó dá fídíò dúró lójú ẹsẹ̀, kó mú bírò. Nọ́ńbà méjì wo ni ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 6, tí àròpọ̀ wọn jẹ́ −5? −2 àti −3 ni, ó wá di (x − 2)(x − 3) = 0. Àmì yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣubú: wọ́n á kọ (x + 2)(x + 3), ìdáhùn á wá di −2 àti −3, nígbà tó jẹ́ 2 àti 3. Ojú kì í rí àṣìṣe yìí nínú fídíò, nítorí olùkọ́ kò ṣe é. Kó fi 2 rọ́pò x: 4 − 10 + 6, òfo ló kù, ó tọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, kó tún un ṣe láìṣí fídíò.

Áàpù ìbéèrè JAMB pẹ̀lú dára, torí orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀: A, B, C, D ń jẹ́ kí ọmọ máa méfò, bẹ́ẹ̀ Pépà 2 ìṣirò WAEC ń fẹ́ rí bó ṣe ṣe é.

Ìwé ìṣirò rẹ̀ ni kí ẹ máa yẹ̀ wò lálẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ gba fóònù yín.