Jẹ́lé-ó-sinmi Àjàní ti kù sí dẹ̀dẹ̀

Ìyá Àjàní béèrè:

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣáájú wa dé Kánádà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ọwọ́ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àjàní wà látìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú, kò tíì pẹ́ tó dé bá wa ní Ontario. Wọ́n ní nígbà tó jẹ́ pé yóò pé ọdún 4 kí ọdún yìí tó parí, kó wọlé sí jẹ́lé-ó-sinmi ní September. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Mo rò ó pé kí n máa sọ ọ́ fún un bí ìrìn-àjò ọdẹ, kó lè máa retí ọjọ́ náà dípò kó máa bẹ̀rù. Bàbá rẹ̀ ní ká ṣíwọ́ Yorùbá sísọ sí i ná. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Àṣàkẹ́ dáhùn:

Ìyá Àjàní, ẹ kú àmójútó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni èmi náà, Òkè Ẹlẹ́rìn ni agbolé wa wà. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí ni mo ṣe fún Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán nílé wa títí dòní.

Ìtàn Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ni mo sọ fún un: bó ṣe dé ìdí igi Àjàgbọn tí kò mọ ẹnì kankan, bó ṣe gbójú sókè tó rí èéfín lókèèrè, tó sì lọ bá àwọn ọdẹ tó dáná náà, tí wọ́n fi di ẹgbẹ́ Alóńgo. (Ibi tó ti gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, lọ fún Aláàfin, mo fò ó. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀.) Mo ní kíláàsì ni igbó, àwọn ọmọ yòókù ló dáná, òun ló ń lọ bá wọn. Ìtàn náà ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Níbi tí ọmọ ẹlòmíràn ti ń rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tèmi ń wo òrùlé ilé ìwé, ó ń wá èéfín.

Àpò ọdẹ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọdẹ kì í wọgbó lọ́wọ́ òfo, ni mo bá di oúnjẹ sínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀: dòdò nínú kúlà kékeré, àti kúlíkúlí tí màmá mi fi rán ẹni tó ń bọ̀. Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti rà á, èyí tó le gan-an, tí atalẹ̀ rẹ̀ ń ta lẹ́nu.

Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí tíṣà sọ àti ohun tí Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ ṣe hàn mí ni mo tò pọ̀. Ó já náílọ̀n, ó ju ọ̀kan sẹ́nu, tíṣà bá sáré dé. Ó ní kó tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó di kúlíkúlí náà sínú náílọ̀n mìíràn, ó tún di ìyẹn sínú òmíràn, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mú ọmọ mi lọ sí tábìlì ọ̀tọ̀, ó ń nu ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé abẹ́ èékánná. Ọmọ kan wà ní kíláàsì yẹn tó jẹ́ pé bí ẹ̀pà bá kàn án lẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ lè dí kó má lè mí mọ́. Tíṣà ò jágbe, ẹ̀rín ló ń rín sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ló fi ń gbọ́rọ̀.

Inú bọ́ọ̀sì la wà tó fi bi mí pé, "Dádì, ṣé ìyá àgbà fi májèlé sí i ni?"

Ẹ má bi mí pé ṣé mi ò ka ìwé tí ilé ìwé fún wa. Ìwé náà pọ̀ rẹpẹtẹ, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe nígbà yẹn. Ibi tí wọ́n ti ní ká mú bàtà inú ilé wá ni mo kà dé. Ta ló sì máa rò ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀pà tí a fi ń mu gààrí ni wọ́n máa wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó gbé? Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láti 2006 ni òfin ti wà ní Ontario tó ní kí ilé ìwé ṣètò ààbò fún ọmọ tí oúnjẹ lè pa. Orúkọ ọmọbìnrin kan tó kú ni wọ́n fi pe òfin náà. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Mo ṣàlàyé fún Àṣàkẹ́, ìyá rẹ̀ ṣàlàyé. Màmá mi ò mọ̀. Bí wọ́n bá pè lórí WhatsApp, wọ́n á ní, "Àṣàkẹ́ mi, ṣé kúlíkúlí rẹ ò tíì tán?" Ọmọ á ní ó ti tán, wọ́n á tún fi òmíràn ránṣẹ́. Èmi nìkan ni mò ń jẹ ẹ́.

Ó ti wà ní kíláàsì kẹta báyìí. Ohunkóhun tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Bí mo bá pè é ní Àṣàkẹ́ lẹ́nu géètì ilé ìwé, kò ní dáhùn àfi tí a bá dé inú ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi dáhùn. Ìyàwó mi ní mò ń di ẹrù ẹlẹ́rù lé kúlíkúlí lórí, pé bí gbogbo ọmọ ibí ṣe rí nìyẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó dé, ọmọ yìí ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá Àjàní, rárá o. Gẹ̀ẹ́sì ò nílò ìrànwọ́ wa, kí December tó dé á ti máa fi sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ẹ má sì fi tiwa ṣe ẹ̀rí pé Yorùbá sísọ ò wúlò. Èmi ò dákẹ́ rí nílé mi. Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́ tó gorí oyè ní 2023, ṣebí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe pásítọ̀ kí wọ́n tó wálé jọba. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Àṣàkẹ́. Ó ní ṣé wọ́n ń jẹ kúlíkúlí.

Ẹ sọ ìtàn ọdẹ náà fún Àjàní. Ẹ kọ́ ọ ní bí á ṣe béèrè ilé ìtọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ra bàtà tí yóò máa wọ̀ nínú kíláàsì, ẹ sì bi tíṣà léèrè oúnjẹ tí wọn kì í fẹ́ níbẹ̀ kó tó wọlé. Búrẹ́dì àti ápù ni kí ẹ fi sínú àpò yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí ẹ máa sọ fún màmá yín tí wọ́n bá béèrè bóyá ó jẹ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, ìyẹn ni mi ò lè bá yín wá.