Èsì: Ṣé punk ló mú kí ìmísí tán lára Emerson, Lake & Palmer?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá punk, orin rọ́ọ̀kì kúkúrú oníjàgídíjàgan tó gbòde ní nǹkan bí 1976, ló mú kí iṣẹ́ Emerson, Lake & Palmer, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ẹlẹ́ni mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jó rẹ̀yìn. Punk kọ́ ni olórí ohun tó sọ Love Beach, àwo wọn ti 1978, di ohun tí ẹ gbọ́ yẹn. Àárẹ̀ àti àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde ni.

Ní 1977, wọ́n kó ọ́kẹ́sítírà lẹ́yìn lọ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n owó tí ìrìnàjò náà ń jẹ pọ̀ débi pé wọ́n ní láti dá àwọn olóhun-èlò náà padà sílé kí ó tó parí. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Nassau ní Bahamas láti gba ohùn sílẹ̀, gbèsè àwo tí wọ́n jẹ Atlantic, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, ni wọ́n ń san. Ẹ wo èèpo àwo náà: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí bọ́tìnnì àyà sílẹ̀ létí òkun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó lọ lo ìsinmi. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fo apá kejì. Orin kan ṣoṣo tó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ló wà níbẹ̀, ó sì dára ju orúkọ tí wọ́n fún àwo náà lọ.

Ẹgbẹ́ tí àdéhùn dè mọ́lẹ̀ nìkan ni àlàyé yìí bá mu. Ti King Crimson, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, yàtọ̀: Robert Fripp, onígìtá tó ń darí rẹ̀, tú u ká ní 1974, kí punk tó dé rárá. Nígbà tí ó fi padà pẹ̀lú àwo Discipline ní 1981, ó ti mú Adrian Belew tó ń ta gìtá àti Tony Levin tó ń ta gìtá béèsì wá láti Amẹ́ríkà, gìtá Fripp àti ti Belew sì ń hun ara wọn lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí. Èyí ni kí ẹ gbọ́ tẹ̀ lé e.